Òkúta Ojú Oórì tí Bàbá Mi Gbé Wá sí Jẹ́dà

Nígbà tí bàbá mi fẹ́ wá kí wa ní Jẹ́dà, mo kìlọ̀ fún un lórí fóònù pé kó má gbé ẹrù wúwo. Mo ní èlùbọ́ díẹ̀ ti tó, àti ẹ̀gúsí, àti irú tí wọ́n bá dì dáadáa kó má baà lé àwọn èrò inú bàálù kúrò lórí ìjókòó. Ó ní òun ti gbọ́. Ẹni tó ní òun ti gbọ́ ló dúró níwájú àwọn aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfuurufú, tí wọ́n ń tú àpò rẹ̀, tí wọ́n fa òkúta mábù funfun kan jáde, èyí tó fi aṣọ ìnura wé bí ọmọ jòjòló. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta náà, wọ́n fi ọ̀dà dúdú tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi tí mò ń wò ó láti òdìkejì gíláàsì, mo la ẹnu, n kò rí i pa dé. Àwọn aṣọ́bodè wo òkúta, wọ́n wo bàbá mi, wọ́n ní kó máa lọ. Bóyá ẹnu ya àwọn náà ni.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kì í gùn nínú ilé wa. Obìnrin náà bá àwọn kan gba ọ̀nà Mẹ́kà lọ nígbà tí bàbá mi ṣì kéré, láyé ìgbà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù títí dé ilẹ̀ Sùdáánì kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọkùnrin kan tí wọ́n jọ lọ padà délé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ní Jẹ́dà ni ibà kọ lu obìnrin náà, pé ó ti kú, wọ́n sì ti sin ín sí itẹ́ òkú tí wọ́n ń pè ní ti ìyá wa Awáwù, obìnrin àkọ́kọ́ láyé, tí kò jìnnà sí òkun. Wọ́n kírun òkú fún un láìrí òkú, wọ́n ṣe fìdáù, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ṣùgbọ́n kò bùṣe fún bàbá mi. Ní agboolé wa, ojú oórì àwọn ìyá àgbà wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, wọ́n lẹ òkúta mábù mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Iléyá, bí a bá ti kírun dé, oníkálukú nínú àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ á lọ dúró ti ìyá tirẹ̀, á bá a sọ̀rọ̀, á ṣe àdúrà. Bàbá mi nìkan ni kì í ní ibi tí yóò dúró sí. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí títí wọ́n á fi ṣe tán. Lójú tiwa, ọmọ tí kò bá tíì ṣe ojú oórì ìyá rẹ̀, bó ti wù kó lówó tó, kò tíì sin ìyá. Ọkàn rẹ̀ sì ti ń ṣe ségesège. Dókítà ni mí, mo ti gbọ́ bó ṣe ń lù, mo mọ̀ pé kò ní lè wọ bàálù wá mọ́ lẹ́yìn èyí. Òun náà mọ̀. Ìrìn-àjò yìí nìkan ló ní láti fi rí ibi tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ lò, a gbé e lọ sí Mẹ́kà, ó ṣe Umrah, ó yí Káábà po, ó sunkún, ó tọrọ àforíjì fún òkú ìyá rẹ̀. Bí a ṣe padà dé Jẹ́dà báyìí ló ní kí Ẹnjiníà, ìyẹn ọkọ mi, bá òun ra sìmẹ́ǹtì.

Àdúgbò Ruwais là ń gbé, níbi tí ilé ti fara ti ilé, tí òórùn ẹja àti ti epo ọkọ̀ ojú omi ń wọlé bá ni lórí ibùsùn. Ọjọ́bọ ni ìsinmi níbẹ̀, òun ni èmi àti ọkọ mi fi máa ń rìn. Obìnrin kì í dá jáde bó ṣe wù ú nílùú yẹn, wọn kò sì jẹ́ kí n wakọ̀, nítorí náà ìrìn Ọjọ́bọ yẹn ni gbogbo afẹ́fẹ́ tí mo ní. A ó tọ etí òkun lọ, a ó yà sínú ìlú àtijọ́, a ó máa wo ilé. Mo ti mọ ilẹ̀kùn tó lọ́jọ́ lórí jù, mo mọ kọ̀rọ̀ tí ológbò pọ̀ sí jù. Èmi tí n kò mọ ẹ̀yìn ọjà ìlú tí wọ́n bí mi sí, mo wá mọ Jẹ́dà àtijọ́ bí ẹni pé ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìrìn.

Ní Ọjọ́bọ tó tẹ̀lé ìpadàbọ̀ wa láti Mẹ́kà, ọkọ mi ti gbé òkúta àti sìmẹ́ǹtì sínú ọkọ̀, ó ní kí a wọlé ká máa lọ. Bàbá mi ní rárá.

"Ẹsẹ̀ ni ìyá mi fi rìn ín," ó ní. "Ẹsẹ̀ lèmi náà ó fi rìn ín."

"Bàbá, ọkàn yín ńkọ́?"

"Ó wà níbi tó wà. Ìwọ ṣáà wọ bàtà rẹ, Dókítà."

Ó gbà kí ọkọ mi fi ọkọ̀ gbé wa dé etí omi nìkan. Ọkọ mi gbé wa sílẹ̀ lápá èbúté àtijọ́, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń sọ̀kalẹ̀ láyé ọjọ́un, ó wakọ̀ ṣáájú lọ dúró dè wá ní itẹ́ òkú, àwa sì gba abẹ́ ẹnubodè wọ ìlú. Òkúta tí wọ́n wà jáde láti inú òkun ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé ibẹ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ ògiri, ẹ ó rí ìkarahun nínú rẹ̀. Igi ni fèrèsé wọn, wọ́n gbẹ́ ẹ ní ihò wẹ́wẹ́ kí àwọn obìnrin inú ilé lè máa wo ìta láìjẹ́ pé ará ìta rí wọn. Bàbá mi ń fọwọ́ kan ògiri bó ṣe ń lọ. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, á bi mí pé ṣé èyí ti wà nígbà náà. Bí ó bá ti wà, màá ní ó ti wà. Bí n kò bá mọ̀, màá ṣì ní ó ti wà.

"Nígbà náà, ìyá mi rí èyí," á wí, a ó sì tún gbéra. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi, nínú aṣọ àbáyà dúdú mi, ń fetí sí ìmí rẹ̀, mo ń bínú sí oòrùn, mo ń bínú sí ara mi tí mo gbà fún un.

Ògiri gíga ló yí itẹ́ òkú náà ká. Ọkọ mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò sìmẹ́ǹtì lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti ń làágùn. Olùṣọ́ kò tíì wo sìmẹ́ǹtì, èmi ló kọ́kọ́ wò, ó na ìka sí mi: obìnrin kò gbọdọ̀ wọlé. Mo ní ìyá bàbá mi ló wà nínú ibẹ̀. Ó ní obìnrin kò gbọdọ̀ wọlé. Mo ní dókítà ni mí. Ẹ gbọ́ mi o, kí ni dókítà ń lọ ṣe ní itẹ́ òkú? Inú ló bí mi tí n kò mọ èyí tí mò ń sọ mọ́. Èdè Lárúbáwá tí mo gbọ́ náà kò kọjá ti ọsibítù: níbo ló ń dùn ọ́, láti ìgbà wo, la ẹnu rẹ. Kò sí èyí tó wúlò fún ìjà nínú wọn.

Bàbá mi àti ọkọ mi bá olùṣọ́ wọlé, èmi wá fojú sí àlàfo ilẹ̀kùn, mo ń wo inú. Ohun tí mo rí bà mí lẹ́rù. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, erùpẹ̀ lásán, àti òkúta kéékèèké tí wọn kò kọ nǹkan kan sí lára, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí oko tí wọ́n kọ ebè sí tí wọn kò gbin nǹkan kan. Kò sí orúkọ olówó, kò sí ti tálákà. Mo rò pé ibi tí wọn kò tíì sin èèyàn sí ni, mo ń wá ibi tí ojú oórì gidi wà, ibi tí wọ́n rẹ́. Kò sí. Bàbá mi dúró sáàárín gbogbo rẹ̀, ó gbá òkúta mábù mọ́ àyà, ó ń yí ojú kiri.

Olùṣọ́ rí àkọlé ara òkúta, ó mi orí. Wọn kì í kọ nǹkan sórí sàréè níbẹ̀, ó ní, wọn kì í sì rẹ́ ẹ. Ó tún sọ nǹkan mìíràn, ọkọ mi sì túmọ̀ rẹ̀. Ó ní bó bá ti pẹ́, wọ́n á tún tú ilẹ̀ náà, wọ́n á sì sin ẹlòmíràn síbẹ̀.

"Wọ́n sin ẹlòmíràn lé ìyá mi lórí?" bàbá mi béèrè.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà."

"Èèyàn mélòó?"

Iṣẹ́ mi ni òkú wíwò, n kì í bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, níbi tí mo ti ń yọjú bí olè yẹn, mo gbé ojú kúrò lára ilẹ̀ náà. Àánú wa ló sì ṣe olùṣọ́ náà nígbẹ̀yìn. Ó ní bí ó bá jẹ́ ẹni tó mọ àwọn òkú ìgbà yẹn là ń wá, kí a lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà Tákárínà ní àdúgbò Sabeel. Tákárínà ni wọ́n ń pe gbogbo àwa tí a ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá. Bàbá mi ní ká lọ. Ó ní bí òun kò bá tilẹ̀ rí ilẹ̀, òun lè rí ẹni tó bá wọn kírun sí i lára, kí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní oòrùn ti mú. Kò gbọ́.

Ní Sabeel, wọ́n júwe bàbá arúgbó kan fún wa tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, pé kò sí Tákárínà tó wọ Jẹ́dà tí kò mọ̀. Háúsá ni. Bàbá mi sì ti ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Sààríà, ó ń sọ Háúsá bí ẹni ń mu omi. Ó kí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń túmọ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ: obìnrin Yorùbá kan tó ti orí omi wá láyé ọjọ́un, tó kọ àbàjà, tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, tó ń dirun. Àwọn àǹtí rẹ̀ ló sọ fún un bẹ́ẹ̀, pé wọ́n na ìyá rẹ̀ títí nítorí ọwọ́ òsì yẹn, kò gbọ́.

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀rọ̀ gígùn kan, ó gbé ọwọ́ òsì sórí fìlà ara rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni ń dirun. Mo ní, "Bàbá, kí ló wí?" Ó ṣì ń wo ọwọ́ arúgbó náà. Mo ní, "Ṣé ó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí?" Bàbá mi tún bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè kan. Ó dá a lóhùn, lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ni bàbá mi bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú eruku, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń wá bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lù.

"Ó ní òun rí i nínú ààwẹ̀ tó kọjá," ó wí.

"Ó rí ta?"

"Ìyá mi."

Mo ní kó bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní àgbà ti dé sí i, ó ti ń ṣi èèyàn mú fún èèyàn. Ṣùgbọ́n arúgbó náà mọ ohun tó ń sọ. Obìnrin ọlọ́wọ́ òsì yẹn ló dirun ìyàwó fún gbogbo àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Sabeel níbí ló gbé, ó fẹ́ Háúsá kan, ó bímọ. Nígbà tí ọkọ kú, ó kó lọ sí Mẹ́kà, sí àdúgbò Shubaikah, kó lè sún mọ́ Mọ́sáláṣí Ńlá. Ó júwe ilé náà: ẹ̀yìn hòtẹ́ẹ̀lì, ibi tí àtẹ̀gùn òkúta ti ń gun òkè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fi ara yín sí ipò mi. Láti kékeré mi la ti ń ṣe fìdáù ọdọọdún fún obìnrin yìí. Ẹran tí a ti pa, àwọn ààfáà tí a ti fún lóúnjẹ, gbogbo rẹ̀ nítorí ẹni tó ń jẹun tirẹ̀ ní Mẹ́kà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni bàbá mi ń sunkún òkú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Káábà, tí òun wà lókè àtẹ̀gùn níbẹ̀, bóyá ó ń mu tíì.

Lójú ẹsẹ̀, a wọ ọkọ̀, a kọrí sí Mẹ́kà. Òkúta mábù ti padà sínú búùtù, nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá sì bọ́ sí kòtò, á dún gbì lẹ́yìn wa. Ní ìgbà kẹta, mo rò pé màá kígbe. Kí a tó dé ibi àyẹ̀wò, ọkọ mi páàkì fúnra rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé òkúta náà jìnnà sójú ọ̀nà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú iyanrìn, ó da sìmẹ́ǹtì tì í. Èèyàn kì í gbé òkúta ojú oórì dání lọ kí alààyè.

A rí àtẹ̀gùn náà. Bàbá mi gùn ún, ó ń dúró, ó ń gùn ún, kò jẹ́ kí n di òun mú. Ọkọ mi dúró nísàlẹ̀, torí ilé obìnrin là ń lọ. Ọmọbìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ ọmọ ìyá bàbá mi ni, a mọ̀ nígbà tó yá. Ó bi wá ní èdè Lárúbáwá pé ta là ń wá. Ohùn arúgbó kan nínú yàrá náà ń béèrè ohun kan náà, ní Lárúbáwá. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, mà."

Ohùn náà yí padà sí Yorùbá. "Káàsán, ọmọ mi," ó ní. "Ta ló bí ọ?" Ẹ̀ka èdè ìlú wa gan-an ló fi sọ ọ́, irú èyí tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ nílé mọ́ àfi àwọn tó ti gbó gan-an.

Ó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó kéré, àbàjà rẹ̀ ti rì sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò wo èmi. Ojú bàbá mi ló ń wò. Bàbá mi tó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó bá fi oṣù kan jù ú lọ, ó dúró bí òpó láàárín yàrá.

"Ilà ilé ọkọ mi nìyẹn," obìnrin náà wí. "Èmi ni mo ń fi àdí àgbọn sí i títí ó fi jinná."

"Wọ́n ní ẹ kú," bàbá mi wí.

"Mo mọ̀."

"Ọkùnrin tó wá sọ ọ́ fún wa…"

"Èmi ni mo rán an."

N kò lè pa á mọ́ra. Mo gbàgbé pé àgbà ni, mo gbàgbé pé ìyá bàbá mi ni, mo dìde lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ rán èèyàn kó wá sọ pé ẹ ti kú, mà? Ẹ wo orí ọkùnrin yìí, ó ti funfun. Ẹ mọ ibi tó máa ń jókòó sí lọ́jọ́ Iléyá?" Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán. Ojú kò tì í, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

"Wọ́n fi mí fún bàbá rẹ nígbà tí ọmú mi kò tíì yọ tán," ó ní. Bàbá mi ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. "Ó dàgbà ju bàbá mi lọ. Mo sá lẹ́ẹ̀mejì, àwọn èèyàn mi ló mú mi padà. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá ní òun ń lọ sí Mẹ́kà, ta ló fẹ́ dí i lọ́nà Ọlọ́run? Wọ́n ń súre fún mi ni. Bàbá rẹ gan-an súre fún mi."

"Kí ló dé tí ẹ kò gbé mi dání?"

"Ọmọkùnrin? Ilé bàbá ló ni ọ́. Bí mo bá gbé ọ, wọn ì bá lépa mi dé ibikíbi." Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Nígbà tí ẹni yẹn ń padà lọ sílé, mo rò ó títí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo wà láàyè tí n kò padà, ọmọ ìyá tó sá lọ ni wọ́n á máa pè ọ́. Wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́jọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú sí ọ̀nà Mẹ́kà, ta ni kò ní ṣàánú rẹ̀? Àwọn ìyá ilé á máa bu oúnjẹ tirẹ̀ ṣáájú ti ọmọ tiwọn. Mo ní kí n kúkú kú, kí wọ́n lè ṣàánú rẹ."

Mo yíjú sí bàbá mi.

"Wọn ò ṣàánú mi, Màámi," ó wí.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Títí dọjọ́ yẹn, kò sọ ọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀ fún èmi tàbí ẹnikẹ́ni rí, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti béèrè. Ojú ìyá rẹ̀ wó lulẹ̀ lójú mi níbẹ̀, gbogbo agídí inú rẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ gbá kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, bí wọ́n ti ń pe ọmọ kékeré kó wá jókòó. Bàbá mi lọ, ó jókòó síbẹ̀. Obìnrin náà wá ń pariwo mọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá, ó ń sunkún, ó ní kó yá gbé oúnjẹ wá, pé ọmọ òun kò tíì jẹun.